Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Owó Tí Ènìyàn Méje Kò Lè Pín Tán

 

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni tòní. Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, ojú ìwé mìíràn ni wọ́n á fẹ́ ṣí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù díẹ̀. Nọ́mbà kan ṣoṣo la fẹ́ yẹ̀ wò, ìyẹn mílíọ̀nù kan. Nọ́mbà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ ẹnì kan jẹ́ láàárín wa, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe òun.

Ní ọdún 2021, àwa méje da owó pọ̀, a ra ẹ̀wà ọkọ̀ kan. Iye kan náà ni olúkúlùkù mú wá, a sì ti fẹnu kò pé ọgbọọgba la ó pín èrè. Nígbà tá a tà á tán, a yọ owó ọkọ̀, owó alábàárù, owó ibi tá a kó o sí, àti èyí tí bánkì máa gé nígbà tá a bá ń fi owó ránṣẹ́. Èrè tó kù lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan. A sọ èyí tó lé yẹn sínú àpótí ẹgbẹ́, ó wá ku mílíọ̀nù kan gbáko láti pín. Èmi ni akọ̀wé. Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò pín in sí ọ̀nà méje, mo kọ iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mi, mo tún un kọ sórí bébà kan, mo fa bébà yẹn lé akápò lọ́wọ́. Akápò wa yìí, ẹ̀gbọ́n ni fún gbogbo wa. Ó fi owó ránṣẹ́ sí àkáàǹtì oníkálukú bí bébà ṣe wí, iye kan náà lòun náà sì mú: 142,587 náírà.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú wa sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ nílé. Ọmọ náà tún un pín, ó ní, "Màámi, 142,857 ló yẹ kí wọ́n fún yín." 270 náírà ló dín. Ẹ̀yin náà mọ ẹnu ọjà. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti di pé akápò bu 270 jẹ lórí owó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bi í. Ó ní òótọ́ ni, owó kù lọ́wọ́ òun, 1,891 náírà ni, òun sì rò pé ìyẹn ni èyí tí kò ṣeé pín. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mílíọ̀nù kan tá a pín fún èèyàn méje, òun ló ku 1,891?" Kò sẹ́ni tó pè é lólè o. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní títì.

Kí n tó sọ ibi tó já sí, ẹ jẹ́ ká mọ nọ́mbà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa kò ní rẹ́rìn-ín yẹn, kò sì ní ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

BÍ WỌ́N ṢE DI ẸRÙ NÁÀ

Orúkọ méjì ni mílíọ̀nù ní lédè wa. Àwọn kan ń pè é ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, àwọn mìíràn ń pè é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Ọ̀kan náà ni méjèèjì, ọ̀nà tí wọ́n gbà di ẹrù náà ló yàtọ̀.

Ọ̀kẹ́ ni àpò owó ẹyọ, ẹyọ 20,000 ló sì ń wà nínú rẹ̀. Láyé ọjọ́un, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹ bá mi sọ ọ́ di púpọ̀: 40 lọ́nà 50 jẹ́ 2,000, 2,000 lọ́nà 10 jẹ́ 20,000. Ẹ wá mú ọ̀kẹ́ náà lọ́nà àádọ́ta, ó di mílíọ̀nù kan. Bí alábàárù kọ̀ọ̀kan bá ru ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo, àádọ́ta alábàárù ló máa tò tẹ̀lé ara wọn kí mílíọ̀nù ẹyọ kan tó dé ọjà. Lónìí, inú fóònù ló ń gbà wọlé, a kì í tilẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀.

Míṣọ́nárì òyìnbó kan tó gbé láàárín wa nígbà náà, Adolphus Mann, kọ̀wé nípa òǹkà Yorùbá ní ọdún 1887. Ó ṣàlàyé bí àwọn tó ń ka ẹyọ ṣe ń ṣe é. Wọ́n á da àpò sílẹ̀, wọ́n á jókòó tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀ tì í, wọ́n á máa fà á ní márùn-ún márùn-ún. Tó bá ti di ìgbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Wọ́n á tún ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, wọ́n á gbá méjèèjì pọ̀, ó di igba. Igba yìí ló sì bí àwọn orúkọ ńláńlá tó tẹ̀lé e: ẹgbẹ̀ta ni igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀rin ni igba mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún ni igba márùn-ún, ẹgbàá ni igba mẹ́wàá. Àwọn ọmọ wa tó ń sọ pé òǹkà Yorùbá le jù, wọn ò tíì rí òkìtì ẹyọ nílẹ̀ rí ni. Ọwọ́ tó ń ka owó ló dá òǹkà náà.

Ẹ wá wo àwọn nọ́mbà tí àwọn bàbá àti ìyá wa fi di ẹrù yìí: 5, 10, 20, 40, 50, 200. Gbogbo wọn pátá, 2 àti 5 nìkan ló bí wọn. Kò sí 3 nínú wọn, kò sí 7. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

ÀWỌN TÍ MÍLÍỌ̀NÙ GBÀ LÁÀYÈ

Mílíọ̀nù kan ni 10 lọ́nà 10 lọ́nà 10, títí dé ìgbà mẹ́fà. Ẹ kàn ka òdo ẹ̀yìn rẹ̀, mẹ́fà ni. Bẹ́ẹ̀, 2 lọ́nà 5 ni 10 kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ bá tú mílíọ̀nù palẹ̀ dé ìdí, 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà lẹ ó bá níbẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Iye èèyàn tó bá fẹ́ pín in láìṣẹ́kù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí 2 àti 5 nìkan bí, kó má sì gbà ju mẹ́fà lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láti orí ẹni méjì títí dé àádọ́ta, àwọn tó lè pín in tán kò ju mọ́kànlá lọ: 2, 4, 5, 8, 10, 16, 20, 25, 32, 40 àti 50. Àwọn kan nínú wọn á yà yín lẹ́nu. Ta ló máa rò pé ẹni 16 lè pín mílíọ̀nù tán? Wọ́n lè pín in o: 62,500 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni 32 á gba 31,250. Ẹni 64 pàápàá á gba 15,625, kọ́bọ̀ kan ò ní ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta péré, tí kò tó nǹkan, wọ́n á pín in tì.

Lápapọ̀, nọ́mbà 49 ló wà tó lè pín mílíọ̀nù tán, bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 1 títí dé orí mílíọ̀nù fúnra rẹ̀. Báwo la ṣe mọ̀ láìkà wọ́n? Ẹni tó ń ṣa 2 lè má mú ọ̀kankan, ó sì lè mú ọ̀kan, méjì, títí dé mẹ́fà. Ọ̀nà méje nìyẹn. Ọ̀nà méje náà ló wà fún 5. Méje lọ́nà méje jẹ́ 49. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i: 7 ló sọ iye àwọn tó lè pín in fún wa, bẹ́ẹ̀ 7 fúnra rẹ̀ kò sí nínú wọn!

Àwọn 49 yìí ń rìn ní méjì-méjì, bíi tọkọtìyàwó. 2 àti 500,000 ń lọ pọ̀, torí pé ẹni méjì á gba 500,000, ẹni 500,000 náà á sì gba méjì-méjì. 4 àti 250,000 ń lọ pọ̀. 16 àti 62,500 ń lọ pọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń dá rìn, òun ni ẹgbẹ̀rún, torí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni mílíọ̀nù. Òun náà ni ẹnì kejì ara rẹ̀. Òun ló sọ iye wọn di 49 dípò 48. Ẹ rí i pé orúkọ kejì tá a ń pe mílíọ̀nù kò ṣàdédé wá.

Ẹnì kan lè ní, "Ẹ sọ ọ́ di kọ́bọ̀ kẹ̀, ṣebí á gé wẹ́wẹ́ sí i." Ó dáa. Ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù kọ́bọ̀ ni. Èyí fi 2 méjì àti 5 méjì kún ti tẹ́lẹ̀, ẹni 128 tí kò rí i pín ní náírà á wá rí i pín báyìí, 7,812 náírà àti 50 kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n 3 kò wọlé síbẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ dé ibi tó bá wù yín, 3 kò ní wọlé láéláé, nítorí òdo la kàn ń fi kún un, 2 àti 5 náà ló sì ń bí òdo.

NÁÍRÀ KAN TÓ Ń ṢẸ́KÙ

Wàyí o, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò lè pín in tán? Ibí yìí ni mílíọ̀nù ti yàtọ̀.

Ẹ mú ẹyọ mẹ́wàá, ẹ yọ ọ̀kan sápá kan, ó ku mẹ́sàn-án. Ẹ mú ọgọ́rùn-ún, ẹ yọ ọ̀kan, ó ku 99. Ẹgbẹ̀rún, ó ku 999. Tó bá di mílíọ̀nù, 999,999 ló kù. Nọ́mbà tí ó jẹ́ kìkì 9 báyìí, ẹni mẹ́ta á pín in tán, ẹni mẹ́sàn-án á pín in tán, kò sí wàhálà ńbẹ̀. Nítorí náà, ẹni mẹ́ta tó bá fẹ́ pín mílíọ̀nù á gba 333,333, náírà kan á ṣẹ́kù. Ẹni mẹ́sàn-án á gba 111,111, náírà kan á ṣẹ́kù.

Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé kì í ṣe 3 àti 9 nìkan ló lè pín 999,999 tán. 7 lè pín in, 11 lè pín in, 13 lè pín in, 37 náà lè pín in. 21, 77, 91 àti 99, gbogbo wọn ló lè pín in. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ẹni méje á gba 142,857, ẹgbẹ́ ẹni 11 á gba 90,909, ẹgbẹ́ ẹni 13 á gba 76,923, ó sì máa ku náírà kan ṣoṣo fún olúkúlùkù ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Kì í ṣe meji, kì í ṣe mẹ́ta. Ọ̀kan ni.

Ẹ má gbé e ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ni náírà kan ń kù fún. Ẹni mẹ́fà á gba 166,666, ó ku 4. Ẹni méjìlá á gba 83,333, ó ku 4. Ẹni 17 á gba 58,823, ó ku 9. Ẹgbẹ́ ẹni méjìlá pọ̀ lọ́jà, torí oṣù méjìlá inú ọdún, bẹ́ẹ̀ 3 wà nínú 12, kò sì sí nínú mílíọ̀nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ méjìlá, ẹ má fi mílíọ̀nù ṣe iye àjọ yín. 960,000 á pín sí 80,000 láìsí àríyànjiyàn. 1,200,000 á pín sí 100,000. Láti mọ̀ bóyá 3 lè pín owó kan tán, ẹ ro àwọn nọ́mbà inú rẹ̀ pọ̀. 960,000: 9 àti 6 jẹ́ 15, 3 lè pín 15, ó lè pín owó náà. Mílíọ̀nù: 1 àti òdo mẹ́fà jẹ́ 1, kò lè pín in, 1 náà ló sì máa kù.

Ó ku bí 7 ṣe dé inú ọ̀rọ̀ yìí, torí òun kò tètè gbà. Bí ẹni méje bá pín náírà mẹ́wàá, 3 ló kù. Ọgọ́rùn-ún, 2 ló kù. Ẹgbẹ̀rún, 6. Ẹgbàárùn-ún, ìyẹn 10,000, ó ku 4. 100,000, ó ku 5. Ìgbà tó kan mílíọ̀nù ló tó ku 1. Ẹ kíyè sí i: gbogbo ohun tó lè ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹni méje, láti 1 dé 6, ó ṣẹ́kù níkọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fi òdo mìíràn kún un, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí 3.

Ìdí nìyí tí 142,857 fi jẹ́ nọ́mbà tó ń yí po. Ẹ wo bó ṣe rí bí ẹni méje bá ń pín mílíọ̀nù kan dé mẹ́fà:

Mílíọ̀nù 1: 142,857, ó ku 1
Mílíọ̀nù 2: 285,714, ó ku 2
Mílíọ̀nù 3: 428,571, ó ku 3
Mílíọ̀nù 4: 571,428, ó ku 4
Mílíọ̀nù 5: 714,285, ó ku 5
Mílíọ̀nù 6: 857,142, ó ku 6

Nọ́mbà mẹ́fà kan náà ni, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bákan náà, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló ń yí padà. Lẹ́yìn 1 ni 4, lẹ́yìn 4 ni 2, lẹ́yìn 2 ni 8, lẹ́yìn 8 ni 5, lẹ́yìn 5 ni 7, lẹ́yìn 7 a tún padà sí 1. Ó dà bí àwọn ọmọdé tó di ara wọn lọ́wọ́ mú tí wọ́n ń ṣeré yíká. Ẹni tó wù kó dé iwájú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Tó bá wá di mílíọ̀nù méje, olúkúlùkù gba mílíọ̀nù kan, eré parí.

Ẹ tún gé 142,857 sí méjì, 142 àti 857. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 999. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́fà òkè yìí, 999 náà ni.

Ẹ wá wo èyí tí mo kọ sórí bébà fún akápò: 142,587. Lẹ́yìn 2, 5 ló tẹ̀ lé e. 142 àti 587 jẹ́ 729, kì í ṣe 999. Ká ní ẹnikẹ́ni nínú wa mọ nǹkan wọ̀nyí lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú kan ò ní pé kó tó rí i.

OHUN TÍ 9 SỌ FÚN WA

Ẹni tó yọ wá nínú ọ̀rọ̀ náà kò mọ nǹkan kan nípa 7. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ni, ó ti ṣe tíṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó máa tajà. Ó dé bá wa níbi tá a ti ń jiyàn, ó ní, "Èló lẹ ní ó dín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan?" A ní 270. Ó ní ká fi 9 pín in. Ó jẹ́ 30, kò ṣẹ́kù. Ó ní, "Ta ló kọ iye yẹn? Kó lọ mú ìwé tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sí wá. Nọ́mbà méjì ló gba ipò ara wọn, ọ̀kan fi 3 ju èkejì lọ."

Mo lọ mú un. Nínú ìwé mi, 142,857 ni. Lórí bébà akápò, 142,587. 8 àti 5 ti gba ipò ara wọn. 8 sì fi 3 ju 5 lọ. Ara mi bù máṣọ. Ìyá yìí kò tíì rí bébà, kò tíì rí ìwé, ó sì ti mọ ohun tó wà nínú méjèèjì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ mú 85 àti 58. Nínú 85, 8 wà ní ipò ẹ̀wá, ìyẹn 80. Tó bá sún lọ sí ipò ẹyọ, ó di 8 péré. Ohun tó pàdánù ni 72, tó jẹ́ 9 lọ́nà 8. 5 ní tirẹ̀ gòkè láti 5 di 50, ó jèrè 45, tó jẹ́ 9 lọ́nà 5. Ohun tó sún sọ́tùn-ún tàbí sósì, 9 ló fi ń sún. Ìyàtọ̀ àárín 85 àti 58 jẹ́ 27, ìyẹn 9 lọ́nà 3, 3 yìí sì ni 8 fi ju 5 lọ. Nínú owó tiwa, ipò ọgọ́rùn-ún àti ipò ẹ̀wá ni wọ́n wà, kì í ṣe ipò ẹ̀wá àti ẹyọ. Ìdí nìyẹn tí òdo kan fi kún un, tí 27 fi di 270, tí 3 fi di 30.

Ẹni tó gbàgbé òdo náà, 9 ń tú u fó. Bí oníbàárà bá san 20,000 tí ẹ sì kọ 2,000 sínú ìwé, owó ọwọ́ á fi 18,000 ju ìwé lọ. Ẹ fi 9 pín in, 2,000 ni, iye tẹ́ ẹ kọ gan-an lẹ bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ni mo ti fi èyí bọ́ lọ́wọ́ àìsùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi 9 ṣe ìbúra o. Bí 9 kò bá lè pín ìyàtọ̀ náà tán, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹnì kan kàn yí nọ́mbà méjì padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá ibòmíràn wò, bóyá ẹ gbàgbé ọjà kan láti kọ. Bí 9 bá lè pín in tán, ó lè jẹ́ pé wọ́n yí i padà, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Nínú nọ́mbà mẹ́sàn-án tó tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà tí 9 lè pín. Olè náà lè jí 900 náírà, 9 á sì pín in tán. Ohun tí 9 ń ṣe ni pé ó ń nawọ́ sí ibi tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ìwé mi àti bébà akápò ló dá ẹjọ́ tiwa.

Ilé ẹ̀gbọ́n ni mo gbà lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ìyá tó ti ṣe tíṣà yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìwé àti bébà hàn án. Ó wò wọ́n títí. Ó ní, "Ṣé ẹ sọ fún ẹni tó rẹ́rìn-ín?" Mo ní a ti sọ fún un. Ó ní kí n dìde, kí n wá jẹun.

Ní ọjọ́ kejì ó ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Ó fi 270 ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́fà, ó mú tirẹ̀. Èmi ni mo san owó tí bánkì gé lórí ìyẹn. Nínú 1,891, 1,890 lọ, ó ku ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀: "Àṣẹ́kù, náírà kan." Láti ìgbà náà, akọ̀wé kì í kọ iye sórí bébà nìkan mọ́. Ó ń kà á sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, akápò á sì kà á padà fún un.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Ẹ gbìyànjú mẹ́ta yìí, ẹ má fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ lè bá yín dá sí i.

1. Ẹni 27 pín mílíọ̀nù kan, ẹni 37 pín mílíọ̀nù mìíràn. Èló ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, èló ló sì kù? Ẹ wo ìdáhùn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

2. Ìwé sọ pé 47,300 ló yẹ kó wà nínú àpótí. Nígbà tá a kà á, 43,700 la bá. Kí ni 9 sọ, nọ́mbà wo àti wo ló sì ṣeé ṣe kó ti gba ipò ara wọn?

3. Ẹgbẹ́ ẹni méjìlá fẹ́ iye tó sún mọ́ mílíọ̀nù jù lọ, tí wọ́n lè pín tán. Èló ni wọn ó pè é?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó gbé e jáde nínú ìwé wa tó tẹ̀lé èyí.